Abẹ́ Mọ́tò Lóṣù Ẹrẹ́nà

Òórùn òkun gba South Shields kan lówùúrọ̀ Sátidé.
Mo ti ibi iṣẹ́ òru dé, ojú ṣì ń ta mí.
Mo wa Micra gun pákó onídàgẹ̀ẹ́rẹ́ méjì,
mo fi òkúta sé táyà ẹ̀yìn,
mo tẹ́ páálí, mo fẹ̀yìn lélẹ̀,
mo wọ abẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wá ẹsẹ̀ bàtà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Oṣù mẹ́rin ni káńsù fi da iyọ̀ sí títì.
Iyọ̀ kí ẹsẹ̀ má yọ̀,
iyọ̀ kí táyà má yọ̀.
Nílé, bíńtín la fi ń kan ọmọ tuntun lẹ́nu
kí ayé rẹ̀ lè dùn.
Níbí, ọkọ̀ ń fọ́n ọn lóru bí àgbẹ̀ tó ń fúnrúgbìn,
ìpẹtà nìkan ló sì ń hù níbẹ̀.

Òkè mọ́tò ń dán. Wọ́n ń kí mi: mọ́tò rẹ mọ́ o.
Ta ló ń bẹ abẹ́ wò?

Bàbá Stobbart bẹ̀ ẹ́ wò, ojúlé kejìdínlógún,
ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kun abẹ́ ọkọ̀ ojú omi létí odò Tyne
kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́ náà pa.
Lóṣù Ọ̀wàrà ló yọ́ ìda dúdú sínú agolo ẹ̀wà,
ó dùbúlẹ̀ síbí tí mo dùbúlẹ̀ sí yìí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ọwọ́ ń kùn ún, ẹnu ń kùn,
ó ń bú àwọn tó ṣe mọ́tò.
Kò gbowó. Ó gba mọ́ínmọ́ín méjì,
ó bi mí bóyá ewé rẹ̀ ṣeé jẹ.
Ó kú lóṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́.
Orí iyọ̀ la wa mọ́tò tẹ̀ lé e dé itẹ́.

Ẹ̀rọ kan wà nílé epo tó ń tu omi bí sèbé.
Ìrètíọlá ọmọ mi ní kí n lọ, ìṣẹ́jú márùn-ún, pọ́n-ùn mẹ́ta.
Mo ní rárá. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ là ń pa àmúkùrù orí ẹ̀pọ̀n.
Omi tó bá fi ìbínú wọlé á ṣí ìda bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀,
iyọ̀ á wá ríbi sá sí, ojú ò ní tó o mọ́.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló wà nínú korobá, kì í ṣe híhó,
torí ìda tí ooru bá kàn, yíyọ́ ló ń yọ́.
Ọṣẹ mọ́tò, díẹ̀. Ti abọ́ kọ́, ìyẹn á bọ́ ìda láṣọ.
Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀. Họ́ọ̀sì tó ń ṣàn jẹ́jẹ́.
Ẹrẹ̀ tó há sókè táyà, ìka ni mo fi ń yọ ọ́,
àná ni mo ti gé èékánná nítorí rẹ̀.
Mo yẹra fún páìpù bíréèkì, mo nu ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà,
mo ń bá irin sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń bá àwọn arúgbó sọ̀rọ̀ lóru
tí mo bá ń nu ẹ̀yìn wọn:
pẹ̀lẹ́, ó ku díẹ̀, yí síbí.
Awọ àgbà tín-ín-rín. Ẹni tó bá kánjú nù ún, á bó o.

Ìgbà náà ni mo rí i, nítòsí ibi tí jáàkì ń gbé:
àtàǹpàkò kan nínú ìda, gbogbo ìlà rẹ̀ pé,
bí ẹni tẹ̀ka síwèé.
Ibẹ̀ ló fọwọ́ tì kó tó lè dìde.

Omi ń kán lé mi lójú. Iyọ̀ kàn mí lẹ́nu.
Ti títì ni o, ti ojú mi ni o, n ò yẹ̀ ẹ́ wò.
Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́,
mo ń fi ìka kán omi sí i, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan,
títí iyọ̀ fi ṣàn lọ tí ìlà ò pa rẹ́.

Ọmọ ń ké lókè: Bàbá, ṣé ẹ ti sùn síbẹ̀ ni?
Mo ní ó ku ibì kan.

Afẹ́fẹ́ á gbẹ ẹ́ kílẹ̀ tó ṣú.
Lọ́la, màá yọ́ ìda, màá pa ibi tó ti sán,
màá yí ibẹ̀ yẹn ká.